Kì Í Ṣe Gbogbo Ohun Tó Gúnlẹ̀ Ni Ajé: Ọ̀rọ̀ Lórí Píánò Tòkunbọ̀

Orúkọ Ajégúnlẹ̀ dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró ní Boundary, níbi tí Àpápá ti fẹnu ko Ajégúnlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, yóò rí i pé kì í ṣe gbogbo ohun tó gúnlẹ̀ ni ajé. Èbúté Àpápá kò jìnnà sí ibẹ̀. Èbúté Tin Can Island, tí ìjọba ṣí ní ọdún 1977, wà nítòsí pẹ̀lú. Ẹrù tí ọkọ̀ òkun bá já sílẹ̀ ní èbúté méjèèjì yìí ló ń fọ́n ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá àti kọjá bẹ́ẹ̀: fíríìjì, jẹnẹrétọ̀, táyà, bẹ́ẹ̀dì, àga, kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín irú ẹrù tòkunbọ̀ bẹ́ẹ̀, píánò onínàró kan a yọjú, igi rẹ̀ a máa kọ mọ̀nà, orúkọ òyìnbó a sì wà níwájú rẹ̀ ní lẹ́tà aláwọ̀ wúrà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìjọ kan a ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà àwọn. Òbí kan a rò pé ohun tí ọmọ òun yóò fi kọ́ orin ti dé. Olùtajà a pe iye tó wù ú. Ẹni tó fẹ́ rà á a ṣí ìdérí, a tẹ ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a gbọ́ ohùn, a mi orí, a sì sanwó. Kò ní í pẹ́ tí ohùn náà yóò fi yà kúrò lójú ọ̀nà. Wọn a pe oníṣẹ́, oníṣẹ́ a wo inú rẹ̀, a sì ní kò sí ohun tí òun lè rí ṣe sí i. Owó tí àwọn ọmọ ìjọ dá, owó òógùn ojú, ti di àpótí igi ńlá kan tí wọ́n ń gbé òdòdó lé lórí.

Kò yẹ kó máa rí bẹ́ẹ̀. Píánò tòkunbọ̀ ṣeé rà, ó sì lè wúlò fún ilé, fún ìjọ àti fún ilé ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń díwọ̀n rẹ̀: orúkọ tó wà lára rẹ̀, dídán igi rẹ̀, àti iye tí olùtajà pè é. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó ṣeé gbára lé.

Àwọn kan lè béèrè pé kí ló kan Ajégúnlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ píánò, pé ohun òyìnbó ni, ohun olówó sì ni. Ìtàn Èkó kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà ti ń ṣe àṣeyẹ orin ní Èkó, tí píánò sì wà níbẹ̀. Robert Coker gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ orin nígbà náà débi pé wọ́n fi í wé Mozart. Ekundayo Phillips di atẹdùùrù àgbà ní Kàtídírà Christ Church ní Marina ní ọdún 1914, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di 1962. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti kẹ́kọ̀ọ́ kí òkìkí tirẹ̀ tó kàn ká ayé. Ayọ̀ Bánkọ́lé àti Akin Euba, tí wọ́n bí ní ọdún kan náà, 1935, kọ orin píánò tí ohùn àti ìlù ilẹ̀ wa ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Euba tilẹ̀ gbé èrò kalẹ̀ pé a lè mú píánò sọ èdè Áfíríkà, kí ó máa dún bí àwọn ohun èlò tí à ń lù. Fẹlá Aníkúlápó Kútì náà kọ́ píánò ní kékeré kí ó tó gba London lọ kọ́ orin ní 1958.

Ajégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ kò yàgàn olórin. Ibẹ̀ ni Daddy Showkey, Baba Fryo àti African China ti dìde. Ọmọ tó ń dàgbà níbẹ̀ lónìí lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun èlò tí kò ní í purọ́ sí i létí. Etí ọmọdé bí ilẹ̀ tútù ni. Ohun tí a bá gbìn sí i ni yóò hù. Ọmọ tó bá fi ọdún mẹ́ta kọ́ orin lórí píánò tí ohùn rẹ̀ ti wọ́, ohùn wíwọ́ náà ni yóò gbà sí òtítọ́.

Kí ló wá dé tí àwọn píánò wọ̀nyí fi ń rékọjá òkun? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, píánò ló ń ṣe iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n nínú ilé òyìnbó. Ní ọdún 1909 nìkan, àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ṣe èyí tó ju 350,000 lọ. Lẹ́yìn náà ni gírámófóònù àti rédíò gba ipò rẹ̀, ẹ̀rọ orin oníná tún dé, ilé tí ènìyàn ń gbé nínú ìlú ńlá sì ń kéré sí i. Lónìí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ píánò àtijọ́ ni olówó rẹ̀ fi ń tọrẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá lè gbé e kúrò nílẹ̀. Èyí tí kò bá rí ẹni gbà á, ààtàn ló ń lọ.

Nítorí náà, iye tí wọ́n ń pe píánò bẹ́ẹ̀ ní Èkó, iye ìrìnàjò ni. Owó àwọn tó gbé e jáde nínú ilé wà nínú rẹ̀, owó àyè tó gbà nínú kọ̀nténà, owó aṣọ́bodè, owó ọkọ̀ láti èbúté, àti èrè olùtajà. Láti ìgbà tí ìjọba ti jọ̀wọ́ náírà fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, owó ìrìnàjò yìí ti ga sí i. Ṣùgbọ́n òkun tí píánò là kọjá kò fi nǹkan kan kún ohùn rẹ̀. Èyí tó dára àti èyí tó ti kú, owó ọkọ̀ kan náà ni wọ́n san. Ẹni tó bá ń sọ pé ọjà tó wọ́n ni ọjà tó dára, kí ó rántí èyí.

Inú ni ìyè píánò wà. Píánò tó pé ní ìtẹ̀ 88, funfun 52, dúdú 36. Bí ìka bá tẹ ọ̀kan, òòlù kékeré onígi, tí wọ́n fi irun àgùntàn tí a kì mọ́ra bò lórí, yóò fò lu wáyà. Wáyà inú rẹ̀ lé ní 200. Àwọn tó ń dún wúwo ní apá òsì jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì fún ohùn kan, wọ́n sì fi bàbà wé wọn. Àwọn yòókù jẹ́ mẹ́ta mẹ́ta. Gbogbo wáyà wọ̀nyí le dan-in dan-in, débi pé àpapọ̀ agbára tí wọ́n fi ń fà á tó tọ́ọ̀nù 15 sí 20, àfi bí ẹni pé ọkọ̀ akẹ́rù tó kún dẹ́nu ló so mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi férémù irin ńlá sí i. Ohun tó bá ń fara da irú wàhálà bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rin ọdún, kò yẹ kí a fi dídán ara rẹ̀ mọ ìlera rẹ̀. Èso ọ̀pọ̀tọ́ a máa pọ́n dẹ̀dẹ̀ lóde, kí kòkòrò kún inú rẹ̀.

Èèkàn ni kí ẹni tó fẹ́ ra píánò kọ́kọ́ bi léèrè. Orí èèkàn irin kéékèèké ni wọ́n wé ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan mọ́, wọ́n sì kan èèkàn náà mọ́ inú pákó líle kan. Kò sí nọ́ọ̀tì, kò sí bóòtù. Dídì tí pákó di èèkàn mú nìkan ni kò jẹ́ kí wáyà dẹ̀. Bí pákó yẹn bá ti sán tàbí tó ti gbẹ, èèkàn yóò máa yí padà fúnra rẹ̀. Oníṣẹ́ yóò tún ohùn náà ṣe ní àárọ̀, yóò sì ti dẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí oníṣẹ́ bá fi irinṣẹ́ rẹ̀ sórí èèkàn tó sì yí wọ̀ọ̀ bí ṣíbí nínú ògì, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ èèkàn mélòó kan, a lè fi èyí tó sanra jù wọ́n lọ rọ́pò wọn. Bí ó bá jẹ́ gbogbo wọn, àtúnṣe yóò wọ́n ju píánò fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹni tí kò ní irinṣẹ́ náà kò ṣaláìní ohun tó lè ṣe. Fóònù alágbèéká lè díwọ̀n ohùn lónìí. Ohùn tí àwọn olórin ń pè ní A, èyí tó wà lókè ohùn C àárín, yẹ kó máa gbọ̀n ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí gbogbo píánò náà bá wálẹ̀ bákan náà láti òsì dé ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n kàn pa á tì ni, ìrètí sì wà. Ṣùgbọ́n bí ohùn kan bá wà lójú ọ̀nà tí èkejì rẹ̀ ti wọ́ lọ, tí wáyà mẹ́ta tó wà fún ohùn kan ṣoṣo ń sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èèkàn ni kí a fura sí. Bí olùtajà bá sì ní àárọ̀ òní gan-an ni àwọn tún un ṣe, kí oníbàárà dúpẹ́, kí ó lọ sílé, kí ó sì padà wá gbọ́ ọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Lẹ́yìn èèkàn, wáyà ló kàn. Ìpẹtà díẹ̀ lára wáyà kì í ṣe ikú. Èyí tó wà níbi tí wáyà ti ṣẹ́ po, lẹ́bàá èèkàn àti lórí afárá igi tó gbé wáyà ró, ló léwu, nítorí pé ọjọ́ tí oníṣẹ́ bá fà á sókè ló máa já. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ láti inú òkun àti ooru inú kọ̀nténà kì í ṣe ọ̀rẹ́ irin. Bí àwọn wáyà oníbàbà bá ń dún bí ẹni ń lu páálí, ẹ̀mí ti kúrò lára wọn.

Kí wọ́n tún fa píánò náà kúrò lára ògiri, kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Pákó fífẹ̀ tó wà níbẹ̀ ló ń gbé ohùn jáde, bí awọ ṣe ń ṣe lójú ìlù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sá bí wọ́n bá rí i pé ó ti sán. Kò yẹ kí wọ́n sá. Pákó tó sán lè dún dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí kò bá ti máa hó tàbí kó máa gbọ̀n rìrì nígbà tí a bá tẹ ohùn tó wúwo. Afárá tó bá sán níbi tí ìṣó rẹ̀ wà ló burú jù ú lọ. Níbẹ̀ náà ni kí wọ́n ti wá ojú ọ̀nà ikán àti ìtẹ́ eku.

Ìtẹ̀ 88 náà, gbogbo rẹ̀ ni kí a tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, kí a tó wá fi agbára tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá lọ tí kò padà, èyí tó ń mì sọ́tùn-ún sósì, èyí tí ohùn rẹ̀ kò dákẹ́ nígbà tí ìka kúrò lórí rẹ̀, kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n wo orí àwọn òòlù bóyá wáyà ti gé ojú ọ̀nà jínjìn sí i, tàbí bóyá kòkòrò ti jẹ irun rẹ̀. Ọ̀pọ̀ píánò àtijọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní wáyà gbọọrọ gbọọrọ níwájú àwọn òòlù, tó jọ àgò ẹyẹ. Ẹni tó bá rí èyí, kí ó mọ̀ pé ohun tó ń pa ohùn lẹ́nu mọ́ nínú irú píánò bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, àtúnṣe rẹ̀ sì nira. Kò yẹ fún akẹ́kọ̀ọ́, bó ti wù kí igi rẹ̀ lẹ́wà tó.

Orúkọ ńkọ́? Orúkọ ní iyì tirẹ̀. Yamaha ti ń ṣe píánò onínàró láti ọdún 1900, Kawai bẹ̀rẹ̀ ní 1927, àwọn oníṣẹ́ sì mọ inú wọn. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, ilé ìtajà a máa ra píánò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan, wọn a sì lẹ orúkọ tó wù wọ́n mọ́ ọn. Nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀, lára irin lókè, lọ́pọ̀ ìgbà, ló lè sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Gíga rẹ̀ pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀: èyí tó ga, bíi Yamaha U1 tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 121, ní wáyà tó gùn, ohùn òsì rẹ̀ a sì máa jinlẹ̀ ju ti èyí tó kúrú lọ. Ní ti eyín erin tó wà lórí ìtẹ̀ àwọn píánò àtijọ́, kò fi nǹkan kan kún ohùn, wàhálà òfin sì lè bá a wá, nítorí pé láti 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fohùn ṣọ̀kan láti fòpin sí òwò rẹ̀ láàárín ara wọn.

Ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa tún ni ẹjọ́ tirẹ̀. Igi píánò fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin rẹ̀ kò ju ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní Èkó, ó sábà máa ń kọjá 80. Ọyẹ́ a tún dé, a fa omi gbẹ lára igi. Ìjọ tó ń tan ẹ̀rọ amúlétutù ní ọjọ́ Ìsinmi nìkan, tó sì ń pa á fún ọjọ́ mẹ́fà, ń fi igi náà ṣe eré ìfàmọ́ra-ìtìkúrò. Àwọn tó ń ṣe píánò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ èyí nígbà ìjọba amúnisìn, wọ́n a sì máa ṣe irú kan lọ́tọ̀ fún ilẹ̀ olóoru, tí wọ́n fi ìṣó onídẹ de oríkèé rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún yàrá olótùútù kò ní ààbò bẹ́ẹ̀.

Àwọn olùtajà lè sọ pé àwọn kì í ṣe oníṣẹ́ píánò, pé bí ẹrù ṣe dé ni àwọn ṣe ń tà á. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, àwọn náà sì ń pàdánù. Ṣùgbọ́n òfin tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, ti ọdún 2018, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ọjà wò kó tó rà á, ó sì ní kí ẹni tó ń ta ohun tí wọ́n ti lò rí sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Olùtajà tí kò bá jẹ́ kí wọ́n ṣí iwájú píánò ti dáhùn ìbéèrè tí wọn kò tíì bi í.

Àwọn mìíràn ní kí a kúkú ra píánò oníná, tí kò nílò àtúnṣe ohùn. Ìmọ̀ràn tó dára ni, bí ohun tó wà ní ọjà bá jẹ́ òkú píánò onígi. Ọmọ yóò kọ́ orin tó péye lórí píánò oníná tó ní ìtẹ̀ 88 tó wúwo ju lórí àpótí tó ń purọ́. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò tí iná kì í dúró, píánò onígi tó yè ní àǹfààní kan tí kò sí ẹ̀rọ tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: kò bẹ iná lọ́wẹ̀. Òun ló yẹ kí a wá, ká sì sanwó fún un, tí inú rẹ̀ bá dára.

Báwo ni kí a ṣe mọ iye tó tó? Kí ẹni tó fẹ́ rà á ro iye tí wọ́n pè é pọ̀ mọ́ owó gbígbé rẹ̀, nítorí pé ó lè wúwo ju kílò 200 lọ. Kí ó fi iye àtúnṣe tí oníṣẹ́ kọ sílẹ̀ kún un, àti owó títún ohùn ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó kéré tán. Bí àròpọ̀ yìí bá ju iye tí oníṣẹ́ kan yóò ta èyí tó ti tún ṣe tán lọ, kí ó fi ti ọ̀hún sílẹ̀. Lọ́nà yìí, píánò ọ̀fẹ́ pàápàá lè jẹ́ èyí tó wọ́n jù lọ ní gbogbo Èkó.

Ohun tó kù ni oníṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́ tó ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tó sì ń tò ó padà ní Ajégúnlẹ̀ kò lè ṣaláìmọ ọwọ́ tí a fi ń yí èèkàn, bí ó bá rí ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ. Àwọn ìjọ tó ń dá owó ra píánò lè dá díẹ̀ sí i láti rán ọmọ méjì tàbí mẹ́ta lọ kọ́ iṣẹ́ náà. Ìyẹn yóò pẹ́ ju píánò lọ.

Kó tó di ìgbà náà, ìgbìmọ̀ tó bá ń lọ sí Boundary, kí ó mú oníṣẹ́ tí kì í ṣe ti olùtajà dání, kí ó sì san owó ẹsẹ̀ rẹ̀, yálà wọ́n ra píánò náà tàbí wọn kò rà á. Owó yẹn yóò dun àwọn kan nínú ìgbìmọ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.